Kì í ṣe Ìbó Lásán: Èrò lórí Orúkọ Àrùn Kọnkéré Àjà Ilé

Ọ̀ràn tí mo fẹ́ mẹ́nu bà nínú àpilẹ̀kọ kékeré yìí kì í ṣe ti èdè nìkan. Ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ó ti pẹ́, pàápàá ní Èkó àti ní àwọn ìlú etí òkun mìíràn, kọnkéré abẹ́ dẹ́kìn a máa sán, a máa wú síta, a sì máa já lulẹ̀ ní ègé ńláńlá, tí irin inú rẹ̀ yóò fi hàn gbangba. Ohun tí onílé àti bíríkìlà sábà máa ń wí ni pé àjà náà 'ń bó'. Ó rọrùn fún àwa onímọ̀ èdè láti mú 'ìbó' kí á fi ṣe èdè-ìperí fún un. Lójú tèmi, àṣìṣe ni.

Èèpo igi a máa bó. Ọ̀dà ara ògiri a máa bó. Omi gbígbóná a sì máa bó ènìyàn lára. Nínú gbogbo ìlò wọ̀nyí, ara òde ni nǹkan ti ṣe. Ẹni tí ó bá gbọ́ 'ìbó' yóò rò pé kí á ṣáà tún ara òde ṣe ni. Ohun tí bíríkìlà ṣe sí àjà ilé tí mo háyà nìyẹn: ó ha á, ó fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, ó sì kùn ún. Ọdún méjì kò pé tí àtijọ́ àti tuntun fi jọ já lu ibùsùn ọmọ mi. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọmọ náà ti lọ sí ilé-ìwé.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí nǹkan náà ti rí gan-an. Kọnkéré tuntun ní agbára bíi ti omi eérú: pH omi inú rẹ̀ a máa tó 12.5 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níwọ̀n ìgbà tí agbára yìí bá wà, awọ tín-ínrín kan ń dáàbò bo irin, kì í sì í dípẹtà. Ọ̀nà méjì ni ààbò yìí ń gbà bàjẹ́. Èkínní ni kábọ́nì dáyọ́ksáìdì inú afẹ́fẹ́, tí ń wọnú kọnkéré díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún títí pH yóò fi wálẹ̀ sí nǹkan bí 9. Èkejì ni iyọ̀, yálà láti inú atẹ́gùn òkun tàbí láti inú yanrìn etí òkun tí a kò fọ̀. Bí omi bá tún ń jò láti balùwẹ̀ òkè, ìpáàrà tí àwọn òǹkàwé Bíbélì mọ̀ dáadáa yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àyè tí ìpáàrà ń gbà a máa tó ìlọ́po méjì sí mẹ́fà ti irin tí ó jẹ; nítorí náà ni ó fi ń ti kọnkéré dànù. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà.

Nítorí èyí ni mo ṣe dábàá 'ìwúfọ́'. 'Wú' àti 'fọ́' ni a so pọ̀, tí a fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ 'ì-' sọ di ọ̀rọ̀-orúkọ, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe sí 'ìdàgbàsókè'. Ẹnìkan lè wí pé irin ni ó wú, kọnkéré ni ó fọ́, àti pé olùwà wọn kò dọ́gba. Ìdáhùn mi ni pé irin ni ó wú, irin náà ni ó sì fọ́ kọnkéré. Àbọ̀ ni kọnkéré jẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà yóò béèrè pé, 'Kí ni ó wú?' Ìbéèrè yẹn ni a ń wá. Kí 'ìbó' máa jẹ́ ti ọ̀dà, kí 'ìsán' sì máa jẹ́ ti ojú ibi tí ó là.

Bí orúkọ bá tọ́, ìtọ́jú yóò tọ́. Ìwúfọ́ kì í ṣe ohun tí a ń rẹ́ bò. A ó fi òòlù kan àjà. Ibi tí ó bá dún bí akèǹgbè òfìfo ti yà kúrò lára irin. A ó fi igi ti dẹ́kìn lábẹ́, a ó gbẹ́ èyí tí ó ti bàjẹ́ dé ẹ̀yìn irin, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpáàrà kúrò, a ó fi ọ̀dà tí ń dènà ìpáàrà kun irin náà, kí a tó fi àpòpọ̀ símẹ́ǹtì tí a ṣe fún irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ dí i. Bí irin bá ti jẹ tín-ínrín, ẹnjiníà ni kí á pè. Bí a kò bá sì dí omi tí ń jò lókè, asán ni gbogbo rẹ̀.

Ní ti ìdènà, àwọn oníṣẹ́ irin ti ní ọ̀rọ̀ tiwọn: 'bísíkíìtì', èyíinì ni símẹ́ǹtì kékeré tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ irin kí kọnkéré tí ó nípọn tó mílímítà 20 sí 25 lè bò ó, ní etí òkun, ó yẹ kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbìmọ̀ kankan kò ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yẹn fún wọn. Kí á gbà á sínú àkójọ wa bí ó ti wà.

Ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́fà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì. Ó ku kí èdè-ìperí wa dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń po símẹ́ǹtì àti ẹni tí ń sùn lábẹ́ dẹ́kìn. Bí ẹnìkan bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju 'ìwúfọ́' lọ, mo ṣetán láti gbà á, bí ó bá ṣáà ti lè sọ fún onílé pé inú ni àrùn náà wà.