Ògiri Ni Ó Ń Gbé Dígí, Kì í Ṣe Ìṣó

Ọjọ́ tí dígí ńlá bá wọ ilé jẹ́ ọjọ́ ayọ̀. Àwọn ọmọ á sáré lọ síwájú rẹ̀, ìyàálé á fi aṣọ nù ún, àwọn aládùúgbò á yọjú wá wo ara wọn láti orí dé ẹsẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnìkan á mú ìṣó gígùn kan àti òòlù. Á kan ìṣó mọ́ ògiri, á so okùn mọ́ ẹ̀yìn dígí, á sì gbé e kọ́. Dígí á dúró. Nítorí pé ó dúró ní ọjọ́ kìíní, gbogbo ilé á gbà pé iṣẹ́ ti parí.

Iṣẹ́ kò tíì parí. Dígí tí ó ga ní mítà 2, tí ó fẹ̀ ní mítà 1, tí nínípọn rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 5, wúwo tó kílò 25. Igi tí wọ́n fi yí i ká àti pákó tí wọ́n kàn mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kò sí nínú ìṣirò yìí. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ kílò 50. Ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì ni wọ́n gbé kọ́ sórí ìṣó yẹn. Kò sí ìyá tí yóò so ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì mọ́ ìṣó kan ṣoṣo, kí ó sì tẹ́ ẹní ọmọ rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n dígí ń dán, ojú kì í sì í tètè rí ìwúwo ohun tí ó ń dán.

Bí dígí bá já lulẹ̀, wọ́n á ní ìṣó náà kò dára. Àwọn mìíràn á ní okùn ti gbó, tàbí pé ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. Ìṣó kì í sábà jẹ̀bi. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìṣó náà á ṣì gún régé, yóò bọ́ jáde tòun ti ìyẹ̀pẹ̀ tí ó dì mọ́ ọn. Ògiri ni ó tú u sílẹ̀.

Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ dígí ní láti kọ́kọ́ mọ irú ògiri tí ó ní. Ní Kétu àti Sábẹ̀, àti ní àwọn ilé àtijọ́ ní Àjàṣẹ́, ọ̀pọ̀ ògiri jẹ́ ti amọ̀. Wọ́n lè fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, kí wọ́n sì fi ọ̀dà kùn ún títí yóò fi dà bí ògiri bíríkì lójú àlejò. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ kò ju èèpo lọ, amọ̀ ni ó wà nínú. Gbogbo ìgbà tí òòlù bá lu ìṣó, amọ̀ náà á máa fọ́ lábẹ́ èèpo rẹ̀, ẹni tí ń kan ìṣó kò sì lè rí i. Òjò á rọ̀, ọ̀rinrin á gun ògiri. Ọyẹ́ á dé, amọ̀ á gbẹ, á sán. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀, ìṣó yẹn gan-an ni ó sì kọ́kọ́ la ẹnu ògiri.

Ilé bíríkì náà ní àléébù tirẹ̀. Bíríkì tí wọ́n fi ń kọ́ ọ̀pọ̀ ilé lónìí, ní Kútọnu bí ní Pọ́bẹ̀, ní ihò nínú. Ara rẹ̀ kò nípọn ju bí ìka méjì lọ. Lẹ́yìn èyí, afẹ́fẹ́ ni. Ìṣó tí wọ́n kàn wọ inú rẹ̀ di etí bíríkì mú díẹ̀, orí rẹ̀ sì wà nínú òfìfo. Ìṣó gígùn kò ṣàǹfààní ju ìṣó kúkúrú lọ níbẹ̀. Ohun tí ó yẹ ni kí wọ́n fi ẹ̀rọ lu ihò, kí wọ́n ki ike tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní « cheville » bọ̀ ọ́, irú èyí tí ń wú lẹ́yìn ara bíríkì, kí wọ́n tó yí ìṣó oníyíyí wọ inú rẹ̀. « Cheville » tí wọ́n ṣe fún ògiri tí kò ní ihò kò rí ohun dì mú níbẹ̀. Ó sì yẹ kí wọ́n wo ibi tí ohun tí ń tan iná wà lára ògiri kí wọ́n tó lu ihò, nítorí wáyà iná sábà máa ń gba òkè rẹ̀ tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá.

Ibi kan wà tí ọ̀pọ̀ onílé gbàgbé. Nínú ilé tí wọ́n kọ́ dáadáa, àwọn mọlémọlé máa ń da kọǹkéré pẹ̀lú irin yí ògiri ká lókè ilẹ̀kùn àti fèrèsé. « Chaînage » ni wọ́n ń pè é. Kò sí ihò nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀wọ̀n irin méjì so dígí rọ̀ láti ibẹ̀ ti gbé ẹrù rẹ̀ lé èjìká tí ó lágbára jù lọ nínú ilé. Ẹ̀wọ̀n náà yóò hàn lára ògiri, òótọ́ ni, àwọn kan á sì ní kò dùn ún wò. Ẹ̀jẹ̀ lára ògiri kò dùn ún wò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀wọ̀n náà gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì, kí ó sì gún sókè tààrà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbé ìdajì ẹrù. Okùn kan tí wọ́n fà le láti etí dígí kan dé ìkejì, tí wọ́n fi ìṣó kan gbé ní àárín, léwu ju bí ó ti rí lójú lọ. Ẹni méjì tí ó jùmọ̀ gbé korobá omi mọ èyí. Bí wọ́n bá súnmọ́ ara wọn, korobá rọrùn. Bí wọ́n bá jìnnà síra wọn, tí apá wọn sì tẹ́, omi kan náà yóò máa fa apá wọn ya. Bí okùn ṣe ń tẹ́ sí i ni ó ń wúwo sí i, títí ohun tí ìhà kọ̀ọ̀kan okùn náà ń fà á fi ju ìwọ̀n dígí fúnra rẹ̀ lọ. Adìẹ bà lé okùn nìyẹn: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìsọ̀ àwọn onídìrí ju ilé ẹnikẹ́ni lọ. Níbẹ̀, oníbàárà jókòó síwájú dígí láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ọwọ́ sì lè wà lórí ẹní nítòsí. Ẹni tí ó ra dígí kọ́ ni ó sábà máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni wọ́n máa ń sọ fún pé kí ó gun àga kọ́ ọ, òun náà ni ó sì ń nù ún láràárọ̀. Kò bọ́gbọ́n mu kí ọ̀gá kan ná owó púpọ̀ lórí dígí, kí ó wá ṣahun sí ẹni tí yóò kọ́ ọ. Owó kíkọ́ jẹ́ apá kan owó dígí. Ẹni tí kò bá ní in kò tíì ra dígí náà tán.

Àwọn onílé pẹ̀lú ní ẹ̀bi tiwọn. Ọ̀pọ̀ wọn kò fẹ́ kí ayálégbé lu ihò sí ògiri. Ayálégbé á wá ti ilẹ̀kùn, á kan ìṣó ní kọ̀rọ̀, láìjẹ́ kí oníṣẹ́ kankan rí i. Ihò méjì tí wọ́n lu dáadáa kò ba ilé jẹ́, wọ́n sì lè fi sìmẹ́ǹtì dí i ní ọjọ́ tí ayálégbé bá ń kó lọ. Ìjíròrò ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ayálégbé tó wọlé tó láti parí rẹ̀.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ àti ẹ̀rọ yìí jẹ́ ti olówó. Èsì wà fún wọn, òun náà ni ó sì dára jù fún ilé amọ̀: kí dígí dúró lórí ilẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà lè kan ẹsẹ̀ pákó gbígbòòrò sí abẹ́ rẹ̀, kí ó rọra fara ti ògiri, níbi tí ilẹ̀ kò ti ń yọ̀. Ilẹ̀ ni yóò gbé ìwúwo náà. Iṣẹ́ ògiri kò wá ju pé kí ó di orí dígí mú, kí ó má bàa wó síwájú. Ìdè méjì lókè, lọ́tùn-ún àti lósì, ṣe pàtàkì gidigidi, nítorí ọmọ tí ń kọ́ ìrìn máa ń di ohun tí ó bá rí mú láti fi dìde. Dígí tí wọ́n kàn fi ti ògiri láìdè é kò sàn ju èyí tí ó wà lórí ìṣó kan lọ.

Ní ti dígí tí ó ti wà lára ògiri láti ọjọ́ pípẹ́, àgbà méjì lè gbé e sọ̀kalẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kí wọ́n fi ọwọ́ mi ìṣó rẹ̀. Bí ó bá mì, bí ìyẹ̀pẹ̀ tútù bá ń dà sílẹ̀ ní ìdí rẹ̀, tàbí bí ògiri bá ti sán láti ibẹ̀ lọ, kí dígí náà má ṣe padà sókè ní ọjọ́ náà. Kí wọ́n dè é dúró sí igun yàrá, kí wọ́n sì gbé ẹní àwọn ọmọ lọ sí ìhà kejì kí alẹ́ tó lẹ́.