ÀPÓTÍ ÌWÉ ÀWỌN BABA WA

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Ti gbogbo ilé tí ó ní àpótí ìwé àtijọ́ ni. Nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀, ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn, ènìyàn lè bá Èkó Àkéte ti 1922, Yorùbá News tí Ọ̀gbẹ́ni D. A. Ọbasá dá sílẹ̀ ní 1924, tàbí Akéde Èkó tí Ọ̀gbẹ́ni I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ ní 1928. Àwọn tí ó jogún wọn rò pé ohun tí a bá ti tì mọ́ inú àpótí ti bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ó dùn wá láti wí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀tá méjì ni ó ń bá ìwé wọ̀nyí jà.

Èkínní ni ìmúwòdù, irú èyí tí ń mú kí búrẹ́dì bu. Irúgbìn rẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ níbi gbogbo, ojú kò sì lè rí i. Níbi tí ó gbẹ, kò lè ṣe nǹkan kan; ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀rinrin bá pẹ́ sí, bí ó ti máa ń rí ní etí òkun wa lákòókò òjò, yóò hù, yóò sì máa jẹ ìwé àti gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ bí oúnjẹ. Bí òjò bá rin ìwé, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ti tó fún un.

Èkejì ni ó burú jù, nítorí kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé. Láyé àtijọ́, àkísà aṣọ òwú àti aṣọ ọ̀gbọ̀ ni àwọn Òyìnbó fi ń ṣe ìwé. Irú rẹ̀ wà tí ó ti ju 300 ọdún lọ tí ó sì lágbára síbẹ̀. Láti nǹkan bí 1850 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi lílọ̀ ṣe é, nítorí pé kò wọ́n. Wọ́n a sì máa da álọ́ọ̀mù pọ̀ mọ́ oje igi sínú rẹ̀, kí tàdáwà má bàa ràn. Álọ́ọ̀mù yìí ni ó ń mú ásíìdì wá, tí ń gé fọ́nrán ìwé wẹ́wẹ́. Ooru àti ọ̀rinrin a sì mú iṣẹ́ rẹ̀ yá. Ìdí nìyí tí ìwé ìròhìn fi ń pọ́n, tí ó sì ń rún bí ewé gbígbẹ.

Kí ni a ó pàdánù? Ìtàn Ṣẹ̀gilọlá tí ó jáde nínú Akéde Èkó ní 1929 sí 1930 di ìwé. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni a kò tún tẹ̀ mọ́. Ẹ rántí Àlùfáà Samuel Johnson pẹ̀lú. Ó parí ìtàn ilẹ̀ Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé náà sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901. Àkọsílẹ̀ tí ó fi sílẹ̀ ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, fi tún un kọ, tí a fi tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Kì í ṣe ìmúwòdù ni ó mú ti Johnson lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni: ohun tí ó bá wà ní ẹ̀dà kan ṣoṣo, etí bèbè ni ó wà.

Nítorí náà, kí a gbé àpótí kúrò nílẹ̀ àti lẹ́bàá ògiri tí ń rin. Kí a má sá ìwé sí oòrùn. Ibi òjìji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ni kí a sá a sí. Kí a má fi téèpù lẹ ibi tí ó ya. Èyí tí ó bá ti bu, kí a yà á sọ́tọ̀, kí a sì bo imú kí a tó fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n gbogbo èyí kò lè mú ásíìdì kúrò. Ó kàn ń dá ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀ ni. Iṣẹ́ tí ó ga jùlọ ni ṣíṣe ẹ̀dà: kí a ya àwòrán ojú-ewé kọ̀ọ̀kan nígbà tí ó ṣì ṣeé ṣí, kí a sì fi ẹ̀dà pamọ́ sí ibòmíràn.

Ilé ìpamọ́ ìwé ti ìjọba wà ní Ìbàdàn láti àwọn ọdún 1950, ó sì tọ́ kí ìjọba náwó sí i. Ṣùgbọ́n ìjọba kò mọ àpótí tí ó wà nínú ìyàrá wa. Àwa tí a ni ín ni kí a ṣí i, kí òjò tí ń bọ̀ tó dé.