Ìlera Loògùn Ọrọ̀: Àwòrán Orí Ò Rí Nǹkan Kan, Ọwọ́ Ṣì Ń Gbọ̀n

Ọwọ́ ni ẹni tó ń fín igbá l'Ọ́yọ̀ọ́ fi ń jẹun, ọwọ́ náà ni télọ̀ fi ń jẹun l'Ógbómọ̀ṣọ́. Bí ọwọ́ bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ọkàn ẹni ò lè balẹ̀. Àwọn ará ilé á wá owó, wọ́n á gbé bàbá lọ ya àwòrán orí. Èsì á dé pé ọpọlọ ò ní àbùkù. Ni wọ́n á bá pariwo pé, "Ẹ ò rí i? Ọwọ́ ayé ni!" Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ o.

Àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní Parkinson. James Parkinson, dókítà ará Ìlú Ọba, kọ ìwé nípa rẹ̀ lọ́dún 1817. Òun ni àwọn dókítà sọ lọ́dún 1984 pé ó ń ṣe Muhammad Ali, abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò. Ohun kan wà nínú ọpọlọ tó ń jẹ́ dopamine. Òun ló ń jẹ́ kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lọ geere. Nínú àìsàn yìí, ibi tó ń pèsè rẹ̀ ló ń kú díẹ̀díẹ̀. Ara á le, ìrìn á falẹ̀, ìkọ̀wé á kéré. Kì í ṣe àrùn àkóràn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọwọ́ tó ń gbọ̀n ni Parkinson. Ọwọ́ Parkinson sábà máa ń gbọ̀n nígbà tó bá sinmi lórí itan. Bí bàbá bá mú ọ̀bẹ, ó lè rọlẹ̀. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ìgbà tí ìyá bá gbé ife sẹ́nu gan-an ló ń gbọ̀n. Oògùn mìíràn náà lè fà á.

Àwòrán pàápàá ò dọ́gba. Ẹ̀rọ CT àti MRI ń fi hàn bí ẹ̀jẹ̀ bá dà sínú ọpọlọ, bí kókó bá hù níbẹ̀, tàbí bí omi bá pọ̀ jù. Ọpọlọ ẹni tó ní Parkinson lè mọ́ tónítóní lójú wọn. Èyí tó ń jẹ́ DaTscan, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2011, yàtọ̀. Wọ́n á gún oògùn tó ní ìtànṣán díẹ̀ sí iṣan ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta sí mẹ́fà, kámẹ́rà á ya ọpọlọ. Bí ara bá dá, ibẹ̀ á tàn bíi kọ́mà méjì. Bí Parkinson bá wà, ìrù kọ́mà á parẹ́, á ku fúlísítọ́ọ̀pù. Ti ìyá onífe yẹn á tàn dáadáa. Síbẹ̀, òun náà ò lè ya Parkinson sọ́tọ̀ lára àwọn àìsàn tó jọ ọ́ bí ìbejì, kì í sì í ṣe gbogbo ọsibítù ló ní in.

Ojú dókítà ló ṣe pàtàkì jù. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá àìsàn yìí kiri láti ilé dé ilé n'Ígbó-Ọrà, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 1988, ìbéèrè àti àyẹ̀wò ara ni wọ́n fi ṣe é.

Nítorí náà, ẹni tí ọwọ́ ń gbọ̀n l'Ọ́yọ̀ọ́, kó kọ́kọ́ lọ sí ọsibítù ìjọba. L'Ógbómọ̀ṣọ́, ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Bowen àti ti LAUTECH wà. Kó kó gbogbo oògùn tó ń lò dání, títí kan àgbo. Kó tó náwó àwòrán, kó bi dókítà pé, "Kí lẹ fẹ́ kí àwòrán yìí sọ fún wa?" Oògùn ò tíì lè pa Parkinson rẹ́, ṣùgbọ́n ó ń mú kí ara tú, ó sì lè mú ẹni padà sídìí iṣẹ́. Kó má dá a dúró fúnra rẹ̀ o.