Ìfọwọ́sí Dick Dale

Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Dick Dale, ọba onígìtá etí òkun Kalifọ́níà, agun-ìgbì-bí-ẹni-gẹṣin, tí ó wàjà ní oṣù kẹta ọdún 2019 ní ẹni ọdún 81, kọjá ẹni tí à ń fi ìfọwọ́sí ara páálí àwo orin nìkan rántí. Ọlọ́wọ́ òsì ni, síbẹ̀ kò tún okùn gìtá tò. Ṣe ni ó dojú gìtá ọlọ́wọ́ ọ̀tún dé, tí ó sì ń ta á kíkankíkan, nítorí pé láti inú ìlù àwọn ará Lẹ́bánónì, ìran bàbá rẹ̀, ni ó ti kọ́ ìyára ọwọ́ náà, tí orin Misirlou tí ó tún gbé jáde ní 1962 fi dà bí ohun tuntun létí gbogbo ayé. Ìró tí ó ń fẹ́ le débi pé ẹ̀rọ agbóhùnsókè ń jóná mọ́ ọn lọ́wọ́, títí Leo Fender, ẹni tí ń ṣe gìtá àti ẹ̀rọ agbóhùnsókè, fi ṣe èyí tí ó lágbára jù ú lọ. Ó dùn mí dé egungun pé nígbà ogbó, pẹ̀lú àìsàn lára, ó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé owó ìwòsàn ni kò jẹ́ kí òun lè fi orí ìtàgé sílẹ̀. Àbùkù ńlá ni èyí jẹ́ fún ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó lówó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ìfọwọ́sí rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, mo bẹ̀ yín, ẹ má kàn gbé àwo náà kọ́ ara ògiri. Ẹ gbé e sórí ẹ̀rọ, kí àwọn ọmọ yín gbọ́.