Ẹ Fa Ìlà sí Ìbéèrè Pátẹ́ǹtì

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Tí àkókò prójẹ́ẹ̀tì bá ti dé, tí ọ̀kan nínú wa ní òun fẹ́ wọn ìmọ̀tuntun láàrin àwọn iléeṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kéékèèké n'Ìbàdàn, ìbéèrè àkọ́kọ́ inú fọ́ọ̀mù rẹ̀ ni: pátẹ́ǹtì mélòó lẹ ní? A ti bi àwọn èèyàn léèrè bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n kàn ń wò wá ni.

Kí ni pátẹ́ǹtì fẹ́ sọ fún wa gan-an? Òfin Pátẹ́ǹtì ilẹ̀ wa, ti ọdún 1970, fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ẹni tó gbà á ló ni ewu rẹ̀. Ìjọba kò ṣe onídùúró fún un. Bóyá ìwé pé ni wọ́n ń wò, kì í ṣe bóyá nǹkan náà tuntun. Owó lọ́yà la ń wọ̀n yẹn!

Oslo Manual tí OECD àti Eurostat tún ṣe lọ́dún 2018 kò tiẹ̀ le tó tiwa. Ọjà tàbí ọ̀nà ìṣiṣẹ́ tó bá yàtọ̀ gedegbe sí ti tẹ́lẹ̀ níléeṣẹ́ náà, tó sì ti dé ọwọ́ àwọn tó ń lò ó, ìmọ̀tuntun ni.

Ẹ wá sọdá láti géètì Yunifásítì Ìbàdàn sí Agbowó. Ẹ wo ẹni tó ń tún láàpútọ́ọ̀pù ṣe, tó kúrò lórí jẹnẹrétọ̀ bọ́ sórí sólà, tí oníbàárà ń fi fídíò àìsàn ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp kó tó gbé e wá. Ta ló ka ìyẹn? Ìwádìí ti Yúróòpù tí à ń dà kọ kì í sábàá ka iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 10. Ẹni mẹ́ta ló wà ní irú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ọ̀kan ṣì ń kọ́ṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ju prójẹ́ẹ̀tì lọ. Òfin Startup ọdún 2022 fi àmì rẹ̀ sílẹ̀ fún iléeṣẹ́ tó ní Ltd lẹ́yìn orúkọ. Ibi tí ìwé bá rí ni ìrànwọ́ ń lọ.

A mọ ohun tí ẹ máa sọ: ṣé gbogbo ẹni tó ra sólà ló dá àrà ni? Rárá o. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká béèrè pé: kí lẹ ń ṣe báyìí tí ẹ ò lè ṣe lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn? Ta ló jàǹfààní rẹ̀? Ẹni tó bá ń gbé fọ́ọ̀mù lọ sí Dùgbẹ̀ tàbí Challenge lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó fi ìyẹn rọ́pò pátẹ́ǹtì.