Ibùsùn ọmọ tòkunbọ̀: Káfíńtà àdúgbò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ

Bí oyún bá ti wọ oṣù keje báyìí, ọ̀kan lára ohun tí ọ̀pọ̀ tọkọtaya nílùú ńlá bí Èkó àti Ìbàdàn máa ń wá kiri ni ibùsùn ọmọ onígi tí wọ́n ń pè ní kọ́ọ̀tì. Látìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ lọ́dún 2023, tuntun rẹ̀ ti di ọjà olówó, ìdí nìyẹn táwọn kan fi gba ìdí tòkunbọ̀ lọ. Èrò tèmi ni pé káfíńtà àdúgbò ló yẹ kó máa gba owó yìí. Ṣùgbọ́n nǹkan wà tóun náà gbọ́dọ̀ kọ́ ná.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti tòkunbọ̀. Lára àwọn kọ́ọ̀tì àtijọ́ tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà ni èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan máa ń lọ sókè sódò, kí ìyá má baà bẹ̀rẹ̀ jù tó bá fẹ́ẹ́ gbé ọmọ. Tí ike tàbí irin tó di ẹ̀gbẹ́ náà mú bá kán, igi á yà, ọmọ á há sáàárín. CPSC, àjọ tó ń rí sí ààbò ọjà níbẹ̀, sọ pé ó kéré tán, ọmọ 32 ló kú nídìí rẹ̀ láàárín ọdún 2000 sí 2010. Lọ́jọ́ 28, oṣù kẹfà, ọdún 2011 ni òfin tó ní kẹ́nikẹ́ni má tà á mọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ì báà jẹ́ tuntun tàbí àlòkù. Ohun tí wọn ò lè tà lọ́hùn-ún, kí ló ní kó má bá kọ̀ǹténà wọlé síbí?

Ìjọba wa ò kúkú dákẹ́. Lóṣù kẹfà, ọdún 2015, báńkì àpapọ̀ ka àga àti ibùsùn mọ́ ọjà 41 tí wọn ò ní í ta dọ́là fáwọn tó ń kó wọn wọlé, oṣù kẹwàá, ọdún 2023 ni wọ́n tó yí i padà. Kò jọ pé iṣẹ́ ọwọ́ káfíńtà wa tìtorí ẹ̀ sunwọ̀n sí i. Òfin lè lé ọjà àlejò lọ, kò lè kọ́ ọmọ ilé níṣẹ́.

Kí wá ni káfíńtà gbọ́dọ̀ mọ̀? Àkọ́kọ́ ni àlàfo tó wà láàárín igi kan sí èkejì. Kò gbọ́dọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà lọ, torí bó bá fẹ̀ jù, ara ọmọ á gba ibẹ̀ kọjá, orí rẹ̀ ò sì ní í lè kọjá. Ìkejì ni fóòmù. Kó le dáadáa, kó sì kún inú ibùsùn náà débi pé ìka méjì ò ní í lè wọ àárín òun àti igi. Láti ibi tí fóòmù jókòó lé dé òkè ẹ̀gbẹ́, kó tó íǹṣì 26, kí ọmọ tó ti ń dìde má baà ré kọjá. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kó dúró gbọn-in, kí ìkankan má ṣe máa lọ sókè sódò. Àwọn káfíńtà wa sì fẹ́ràn kí wọ́n máa gbẹ́ orí òpó sókè fún ẹwà. Kò yẹ lára ibùsùn ọmọ, aṣọ lè kọ́ ọ, kó sì fún ọmọ lọ́rùn.

Igi náà ńkọ́? Ọ̀gánwó àti ìrókò dára. Arère fúyẹ́, kò sì wọ́n, àmọ́ kòkòrò tètè máa ń jẹ ẹ́. Èyíówù tí wọn ì báà lò, kó ti gbẹ. Pákó tútù máa ń sún kì tí ọyẹ́ bá dé, ìṣó á dẹ̀, àlàfo á sì fẹ̀ sí i. Síkúrù àti nọ́ọ̀tì ló yẹ kí wọ́n fi dè é, kì í ṣe ìṣó nìkan. Ọ̀dà tó ní òjé nínú ò gbọ́dọ̀ kàn án, torí ọmọ tí eyín ń yọ máa ń ge igi jẹ, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́.

Baba ọmọ tó bá mọ ayùn-ún mú pàápàá lè kàn án nílé. Kó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń la pákó, kí wọ́n fi ẹ̀rọ fá a, kí wọ́n gé e síwọ̀n. Tó bá délé, kó lu ihò síkúrù, kó yùn ún títí tí ọwọ́ ò fi ní í bá ẹ̀gún níbẹ̀, kó wá dè é pọ̀. Kí ọmọ tó sùn síbẹ̀, kó fi ọwọ́ méjèèjì mì ín tagbáratagbára. Bó bá ń ké, iṣẹ́ ò tíì parí.

Fún káfíńtà, èrè wà níbẹ̀. Igi tó ń lọ sí i ò tó ti wọ́dúróòbù, àwọn igi tó ṣẹ́kù nídìí ilẹ̀kùn sì lè di ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kó ṣe àwòṣe kan tó péye, kó kan méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀, kó gbé e fáwọn tó ń ta ẹrù ọmọ. Kó sì pa àdéhùn mọ́. Oyún kì í gbọ́ “ẹ padà wá lọ́jọ́ Sátidé.”

Ẹlòmíì á ní orí ẹní làwọn ìyá wa tẹ́ wa sí. Òótọ́ ni, n ò sì bá ẹni tó fẹ́ bẹ́ẹ̀ jà. Ẹni tó fẹ́ẹ́ náwó ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ san owó igi sílẹ̀, kẹ́ ẹ mú téèpù dání lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ẹ́ gbà á, kẹ́ ẹ wọn àlàfo yẹn kẹ́ ẹ tó san ìyókù. Bí oníbàárà bá ń wọn ọjà, káfíńtà á kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn iṣẹ́.