Ẹ̀ṣẹ́ Kíkàn: Ọgbọ́n Ni Kí Ọ̀dọ́ Kọ́kọ́ Kọ́, Kí Agbára Tó Tẹ̀lé E

Bí ọ̀dọ́ kan bá dúró ní Tina Junction ní ìlú Jos, tí ó sọ pé òun fẹ́ di abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò, apá rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò kọ́kọ́ wò. Bí apá náà bá ki, wọn a ní ó yẹ; bí ó bá tín-ín-rín, wọn a ní kí ó lọ máa gbé irin. Èrò yìí léwu fún ìlera. Ẹ̀ṣẹ́ tí a kò kọ́ dáadáa lè pa ẹni tí ó jù ú lára kí ó tó pa ẹlòmíràn lára.

Eré yìí kì í ṣe àjèjì ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1963, Dick Tiger borí Gene Fullmer ti Amẹ́ríkà ní pápá ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1964, Nojim Maiyegun gba àmì ẹ̀yẹ bàbà ní Tokyo, èyí tí ó jẹ́ àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà. Àwọn Hausa pẹ̀lú ní dambe tiwọn: ọwọ́ kan tí wọ́n fi aṣọ àti okùn wé ni ọ̀kọ̀, ọwọ́ kejì ni asà.

Asà yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbàgbé. Bí ọwọ́ kan bá ń lọ, ó yẹ kí ìkejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbọ̀n, kí èyí tí ó lọ sì padà ní ọ̀nà tí ó gbà lọ. Láti ilẹ̀ ni agbára ẹ̀ṣẹ́ ti ń wá: gìgísẹ̀ ẹ̀yìn yóò gbé sókè, ìbàdí yóò yí, èjìká yóò tẹ̀lé e, ọwọ́ ni yóò dé kẹ́yìn. Ẹni tí ó ń fi apá nìkan jà yóò tètè rẹ̀, èjìká yóò sì máa dùn ún.

Bí a ṣe ń di ọwọ́ náà ṣe pàtàkì. Àtàǹpàkò kò gbọ́dọ̀ wà nínú ìka. Ìta ni kí ó wà. Kí ọrùn ọwọ́ nà tààrà, kí oríkèé ìka tí ó tẹ̀lé àtàǹpàkò àti ti ìka àárín sì jẹ́ èyí tí yóò kan ohun tí a ń gbá. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀gbẹ́ ọmọńdinrín gbá nǹkan líle lè ṣẹ́ egungun àtẹ́lẹwọ́ tí ó wà nísàlẹ̀ ìka náà.

Ti orí ló burú jù. Ìbọ̀wọ́ ń dáàbò bo ọwọ́ ju bí ó ti ń dáàbò bo ọpọlọ lọ. Ní ọdún 1928, Harrison Martland, dókítà ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tí ìrìn wọn dà bí ti ọ̀mùtí nítorí ẹ̀ṣẹ́ tí wọ́n ti gbà lórí léraléra. Nítorí náà, ọ̀dọ́ tí orí bá ń fọ́, tí ó ń bì, tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì tàbí tí iyè rẹ̀ dàrú lẹ́yìn ẹ̀ṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ padà sójú ìjà lọ́jọ́ náà. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ.

Àwọn kan yóò sọ pé ìjà ni a fi ń kọ́ ìjà. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó ti akẹ́kọ̀ọ́ síwájú ọ̀gá kí ó tó mọ bí a ṣe ń bo orí kò kọ́ ọ ní ohunkóhun ju bí a ṣe ń jẹ ìyà lọ. Àìsí owó kì í ṣe àwáwí. Ẹni tí ó ń ju ẹ̀ṣẹ́ sínú afẹ́fẹ́ níwájú dígí kò náwó, aṣọ tí a fi ń wé ọwọ́ kò sì wọ́n. Ní Jos tí òtútù ọyẹ́ ti ń mú gan-an, kí ó kọ́kọ́ sáré díẹ̀ kí ara lè móoru.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òbí tí ó fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ sẹ́nu eré yìí, kí ó kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ olùkọ́ bí yóò ti pẹ́ tó kí ọmọ náà tó gba ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́ lórí. Bí ìdáhùn bá jẹ́ "lónìí", kí ó mú ọmọ rẹ̀ padà sílé.